Bí Ìwádìí Lórí Àǹfààní Chiropractic Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ chiropractic, ìyẹn ìtọ́jú tí a fi ń fi ọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn àti ti ọrùn, mọ ọjọ́ náà gan-an tí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895, ní ìlú Davenport, ìpínlẹ̀ Iowa, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìwádìí tí ó lè sọ bóyá ìtọ́jú náà ń ṣe aláìsàn láǹfààní kò tètè dé bẹ́ẹ̀. Ó tó ọgọ́rin ọdún kí ìjọba tó yọ owó sílẹ̀ fún un. Lójú tèmi, ohun tí ó fà á ni pé àwọn oníṣẹ́ náà gbà pé ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ àwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà tí ó ń bá wọn jà gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn ń wá lọ síbẹ̀.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni ti Harvey Lillard, ọkùnrin tí ó ń tọ́jú ilé tí ọ́fíìsì Daniel David Palmer wà nínú rẹ̀. Ọmọ Kánádà ni Palmer, ó sì ti ń fi ọwọ́ àti agbára tí ó pè ní òòfà wo aláìsàn kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Palmer ṣe ròyìn rẹ̀, Lillard ti fi ọdún 17 jẹ́ adití; ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi iṣẹ́, ó gbọ́ tí nǹkan yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, etí rẹ̀ sì di láti ìgbà náà. Palmer fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó bá eegun kan tí ó yọ ṣóńṣó, ó tì í padà sáyè rẹ̀, ó sì ní Lillard tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́rọ̀. Iṣan tí ń gbé ohùn láti etí lọ sí ọpọlọ kò kúrò nínú agbárí rárá, kò sì gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, ṣùgbọ́n èyí kò dí Palmer lọ́wọ́. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ odidi kan lé ìṣẹ̀lẹ̀ náà lórí, ó sì wá sọ lẹ́yìn náà pé eegun ẹ̀yìn tí ó yẹ̀ ni ó ń fa ìdá 95 nínú 100 gbogbo àìsàn. Ní ọdún 1897 ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀, B. J. Palmer, fẹ́ràn ẹ̀rọ ju bàbá rẹ̀ lọ. Ó mú X-ray wọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1910, ó sì gbé ẹ̀rọ kan jáde ní ọdún 1924 tí ó ń wọn ìgbóná ara ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tí ó dá ìjà ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ wọ̀nyí lè fi ibi tí eegun wà hàn, wọn kò lè fi hàn pé títẹ̀ ẹ́ ni ó wo aláìsàn sàn. Fún ìyẹn, lẹ́tà ọpẹ́ láti ọwọ́ àwọn tí ara wọn ti yá ni wọ́n gbára lé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í sábà kọ lẹ́tà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn dídùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá tọ́jú rẹ̀ nígbà náà, ohun yòówù kí ó fi tọ́jú rẹ̀, ni yóò gba ìyìn.

Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American Medical Association, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1963 láti gbógun ti àwọn tí ó kà sí ayédèrú oníṣègùn, iṣẹ́ chiropractic sì ni ó dojú kọ jù lọ. Síbẹ̀ àwọn aláìsàn kò yé lọ, òfin sì ń tẹ̀ lé wọn: ìpínlẹ̀ Kansas ni ó kọ́kọ́ fún wọn ní òfin ìwé àṣẹ ní ọdún 1913, Louisiana ni ó sì ṣe ìkẹyìn ní ọdún 1974. Ní ọdún 1972 àwọn aṣòfin gbà kí Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, máa san owó ìtọ́jú náà. Ẹni tí ó bá ti ń san owó kò ní ṣàì béèrè ohun tí ó ń rà. Wọ́n yọ owó sílẹ̀ fún ìwádìí, èyí tí ó yọrí sí ìpàdé tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, àwọn dókítà àti àwọn oníṣẹ́ chiropractic ṣe ní ìlú Bethesda, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejì ọdún 1975. Ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí ni pé ẹ̀rí kò tíì tó láti gbè é lẹ́yìn, kò sì tó láti ta kò ó. Ìpàdé yìí ni mo kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí gidi, nítorí òun ni ó mú kí tọ̀tún tòsì gbà pé àwọn kò tíì mọ̀.

Láti ibẹ̀ nǹkan yára. Ìwé ìròyìn ìwádìí tiwọn, Journal of Manipulative and Physiological Therapeutics, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba New Zealand gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní ọdún 1979, ó sì gbè wọ́n lẹ́yìn lórí ẹ̀yìn àti ọrùn dídùn. Ní ọdún 1987 ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé American Medical Association rú òfin nígbà tí ó dìtẹ̀ láti pa iṣẹ́ wọn rẹ́.

Ìṣòro tí ó kù wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí a bá ń dán oògùn wò, a lè ṣe hóró tí kò ní oògùn nínú, tí ẹni tí ó ń fúnni àti ẹni tí ó ń gbé e mì kò ní mọ ìyàtọ̀. Ta ni yóò fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ènìyàn tí kò ní mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùwádìí fi yàn láti fi ìtọ́jú kan wé òmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, T. W. Meade àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ kèké pín aláìsàn 741 tí ẹ̀yìn ń dùn, wọ́n rán àwọn kan sí oníṣẹ́ chiropractic, wọ́n rán àwọn yòókù sí ilé ìwòsàn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1990 fi hàn pé ara àwọn ti chiropractic yá jù, pàápàá àwọn tí ẹ̀yìn wọn ti ń dùn tipẹ́ tàbí tí ó le. Àwọn alárìíwísí kò jẹ́ kí ó rọrùn, wọ́n ní àwọn aláìsàn yìí rí oníṣègùn lẹ́ẹ̀kan lórí ẹ̀ẹ̀kan ju àwọn yòókù lọ, ibi tí wọ́n sì ti gba ìtọ́jú yàtọ̀ sí ti ilé ìwòsàn. Mo rò pé ẹjọ́ wọn tọ̀nà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998, ìwádìí méjì jáde nínú ẹ̀dà kan ṣoṣo ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine, wọ́n sì ṣe pàtàkì ju ariwo ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Àkọ́kọ́ dán ìtọ́jú náà wò lára àwọn ọmọdé 91 tí wọ́n ní ikọ́ fée. Wọ́n tẹ eegun àwọn kan bí ó ti yẹ, wọ́n sì ṣe bí ẹni ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn yòókù. Ikọ́ náà fúyẹ́ díẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọ méjèèjì, láìsí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ìkejì kó àgbàlagbà 321 tí ẹ̀yìn ń dùn jọ: chiropractic fún àwọn kan, ìtọ́jú fisiotẹ́rápì fún àwọn kan, ìwé pélébé kan tí ó ń ṣàlàyé ẹ̀yìn dídùn fún àwọn tó kù. Ìtọ́jú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, díẹ̀ báyìí ni wọ́n sì fi sàn ju ìwé pélébé lọ, bẹ́ẹ̀ ní ọdún méjì owó ìtọ́jú ẹni kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 429 ní ti chiropractic, dọ́là 153 ní ti ìwé.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là. Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá tí Palmer sọ nípa gbogbo àìsàn kò rí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn dídùn kò wó lulẹ̀. Àkójọ ìwádìí 47, tí ó kan ènìyàn 9,211, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, rí i pé fún ẹ̀yìn tí ó ti ń dùn tipẹ́, títẹ eegun ń ṣiṣẹ́ tó ohun tí àwọn ìtọ́jú mìíràn tí a dámọ̀ràn ń ṣe. Ara líle àti ìrora fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìtọ́jú wọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ títẹ ọrùn àti àrùn rọpárọsẹ̀, tí ó ṣọ̀wọ́n, ni a ṣì ń jiyàn lé lórí.

Èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn ìwádìí Amẹ́ríkà tí mo mọ̀ kan ọmọ ogun 750, ó sì jáde ní ọdún 2018. Gbogbo wọn ń gba ìtọ́jú dókítà fún ẹ̀yìn dídùn, ṣùgbọ́n ìdajì wọn gba chiropractic mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìrora àwọn tí ó gba méjèèjì dín kù ju ti àwọn yòókù. Nítorí pé ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òun, ìwádìí náà kò lè yà á sọ́tọ̀ èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nínú àǹfààní yìí, àti èyí tí ó jẹ́ ti pé ẹnìkan jókòó tì wọ́n tí ó tún fetí sí wọn.