Bí wọ́n ṣe ń mú kí semiconductor máa nà bíi rọ́bà

Nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà, sílíkọ́nì ló ń ṣe iṣẹ́ tó le jù, torí òun lèèyàn lè pàṣẹ fún pé kó jẹ́ kí iná kọjá tàbí kó dá a dúró. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní semiconductor. Àmọ́ sílíkọ́nì kì í nà. Ká ní wọ́n fà á kó kàn fi nǹkan bí 1% gùn sí i, ó ti kán nìyẹn, bẹ́ẹ̀ awọ ara wa níbi ìgbọ̀nwọ́ ń nà tó 30% láìsí wàhálà kankan.

Lọ́dún 2006, John Rogers àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní University of Illinois fi ìrísí ẹ̀ wá ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ṣe sílíkọ́nì bí ọ̀já fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí nínípọn ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 100 nanometer péré (mílíọ̀nù kan nanometer ló wà nínú mìlímítà kan), wọ́n fa rọ́bà títí ó fi nà, wọ́n lẹ ọ̀já yẹn mọ́ ọn, wọ́n wá dẹwọ́. Bí rọ́bà ṣe ń súnkì, ọ̀já náà ń lọ sókè ń lọ sódò bí ìgbì omi. Tí wọ́n bá tún fà á, ìgbì yẹn ló ń tẹ́jú, sílíkọ́nì fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ nà. Ṣùgbọ́n tó bá ti tẹ́jú tán tí wọ́n ṣì ń fà á, ó máa fọ́.

Ọ̀nà kejì ló jinlẹ̀ jù, ìyẹn polymer tó ń gbé iná. Polymer jẹ́ ohun tí molecule ẹ̀ gùn bí ẹ̀wọ̀n, bíi ti ike, ibi tí àwọn ẹ̀wọ̀n yẹn bá ti tò sún mọ́ra dáadáa ni iná ti ń rọ́nà fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, àmọ́ ibẹ̀ náà ló máa ń gan, tó sì máa ń là tí wọ́n bá fà á. Ìyẹn ni pé ohun tó ń jẹ́ kó gbé iná gan-an ló ń jẹ́ kó fọ́! Lọ́dún 2017, Zhenan Bao àti ikọ̀ ẹ̀ ní Stanford po polymer náà mọ́ rọ́bà rírọ̀, ó wá di fọ́nrán tín-ín-rín tó há sínú rọ́bà, àyè ò sì sí fún un láti gan pọ̀ di ńlá. Wọ́n fà á títí ó fi gùn ní ìlọ́po méjì, iná ṣì ń kọjá bó ṣe ń kọjá tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó wú èèyàn lórí gan-an nìyẹn. Nígbà tó fi máa di 2018, wọ́n ti to transistor 347 (ìyẹn ohun tíntìntín tó ń ṣí iná tó sì ń pa á) tó ń nà sórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó.

Iná ṣì ń yára nínú sílíkọ́nì ju inú polymer yìí lọ o, semiconductor nìkan kọ́ ló sì gbọ́dọ̀ nà, wáyà tó so mọ́ ọn àti ohun tó ń dènà iná náà gbọ́dọ̀ nà pẹ̀lú ẹ̀, torí ibi tí ohun líle bá ti pàdé ohun rírọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya.