Kí Ẹ Tó Sanwó Yàrá, Ẹ Béèrè Ibi Tí Jẹnẹrétọ̀ Wà

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn máa ń bi mí: "Ẹnjiníà, èmi nìkan ni mò ń bọ̀ l'Ékòó, ṣé òtẹ́ẹ̀lì ni kí n gbà ni àbí shortlet, fúláàtì tí wọ́n ń fi háyà fún ìgbà díẹ̀?" Wọn á wá fi fọ́tò ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì funfun báláú, tẹlifíṣọ̀n tó gba ògiri kan tán, odò ìwẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, n kò tíì rí ẹnì kan tó ya ibi tí iná ilé náà ti ń wá. Wọ́n á béèrè Wi-Fi. Wọ́n á béèrè bóyá onílé lè ṣẹ́ owó sílẹ̀ fún wọn. Ìbéèrè tó lè gba ẹ̀mí wọn là, wọn kì í béèrè rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ilé wò fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń rán òṣìṣẹ́ wọn lọ sí ìlú mìíràn. Iná, gáàsì, jẹnẹrétọ̀, ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sá jáde bí ilé bá gbiná, gbogbo rẹ̀ ni mo ń wò. Mi ò kì í fọwọ́ sí ilé tí mi ò bá tíì gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Bí onílé bá ní epo ti tán, màá rán wọn lọ ra epo, màá sì dúró dè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó kò le. Ẹni tó fẹ́ sun oorun alẹ́ kan sí mẹ́ta, kó gba òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì fẹ́ máa dáná fúnra rẹ̀, fúláàtì yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á gba owó ìdúró lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n lè máa fi dọ́gbọ́n nígbà tó bá ń lọ. Ohun tó yẹ kí ẹni tó dá rìn rò ni pé: bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mi ò jí, ta ló máa tètè mọ̀?

Ní òtẹ́ẹ̀lì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ yín wà nínú ìwé, ẹnì kan ò sùn nídìí tábìlì iwájú, ẹni tó ń tún yàrá ṣe á sì kanlẹ̀kùn tó bá di òwúrọ̀. Ní shortlet, wọ́n á gbé kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́, alámòójútó ilé á bá tirẹ̀ lọ, ó di ọjọ́ tí ẹ bá ń kó ẹrù yín jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá dá rìn pé òtẹ́ẹ̀lì ni kó kọ́kọ́ rò. Àwọn kan á ní àwọn ò lè sun òtẹ́ẹ̀lì mọ́ láti ọdún 2021 tí arìnrìn-àjò kan ti kú sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Ó yé mi, ikú yẹn dun gbogbo wa. Àmọ́ ibi yòówù kí ẹ sùn, ẹ fi orúkọ ilé náà àti nọ́ńbà yàrá yín ránṣẹ́ sí ará ilé kí ẹ tó bọ́ bàtà. Àkáǹtì iléeṣẹ́ ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ kankan, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ó yá, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀fín dúdú tí ẹ ń fojú rí kọ́ ni olórí apani. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta imú, kì í jẹ́ kí èèyàn wúkọ́. Tí ẹ bá mí i símú, á lọ so mọ́ ohun tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ó sì ń so mọ́ ọn ju ọ́síjìn fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ó dà bí dáńfó tí àwọn èrò inú rẹ̀ kọ̀ tí wọn ò sọ̀: ọ́síjìn á dúró sí bọ́sítọ́ọ̀pù, kò ní ráàyè wọlé. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, inú á máa ru, ara á wá rẹ̀ wẹ̀sì. Gbogbo wa la mọ ohun tí ọmọ Nàìjíríà máa ń pe ìyẹn. Ibà. Á lo oògùn ibà, á fi aṣọ borí, á sì padà sùn sínú afẹ́fẹ́ tó ń pa á.

Àwọn onílé máa ń sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, A.C. wà ní yàrá, atẹ́gùn ń wọlé dáadáa." Irọ́ ni. A.C. oríṣi tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, tí èkejì rẹ̀ wà níta, kì í fa atẹ́gùn tuntun wọlé. Atẹ́gùn inú yàrá náà ló ń fà, tó ń mú tutù, tó tún ń fẹ́ jáde. Ẹ ó sì ti ti fèrèsé pa kí òtútù má baà jáde. Bí májèlé bá ti ráyè gba abẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì wọlé, A.C. yín á máa fẹ́ ẹ káàkiri yàrá títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni.

Àwọn mìíràn á ní kò séwu níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìsàlẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà, tí àwọn sì ń sùn lókè. Gáàsì ìdáná ló wúwo ju atẹ́gùn lọ, òun ló máa ń rọ̀ sílẹ̀. Carbon monoxide fúyẹ́ ju atẹ́gùn lọ díẹ̀, ó ń bá atẹ́gùn rìn lọ síbi gbogbo, ó sì ń gòkè.

Ọmọbìnrin kan wà tí iléeṣẹ́ kan rán lọ sí Òṣogbo láti lọ yẹ ìwé owó wò. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti yẹ̀ wò ni wọ́n ní kó lọ. Ó wá fúláàtì tí owó rẹ̀ kéré kí ó lè fi ìyókù sápò, n kò sì bá a wí nítorí ìyẹn, gbogbo wa la mọ bí owó ọjà ṣe rí. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n mú iná lọ. Alámòójútó ilé tan jẹnẹrétọ̀ kékeré sí fàráńdà ẹ̀yìn kíṣìnnì, nítorí olè ti jí èyí tí wọ́n gbé síta tẹ́lẹ̀. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ sílé rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó di ọ̀gànjọ́ òru, ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé orí ń fọ́ òun, pé ó jọ pé ibà ti dé, pé òun ti lo oògùn. Ohun tó gbà á là ni pé epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é títí láàárọ̀, kò gbé e. Wọ́n já ilẹ̀kùn, wọ́n bá a nílẹ̀ nínú èébì. Ohun tó tún bí mi nínú ju jẹnẹrétọ̀ lọ ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Alámòójútó gbé ìgò epo pupa dé, wọ́n la ẹnu ọmọ tí kò mọ ibi tó wà, wọ́n ń da epo sí i. Aládùúgbò kan ní ayé ló ń bá a jà, kí wọ́n má gbé e lọ ọsibítù, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúrà. Orí fóònù ni mo wà tí mo ń pariwo pé kí wọ́n gbé e síta, kí wọ́n wá ọkọ̀. Ó yè. Ṣùgbọ́n fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ tí ìṣirò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ń gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Epo pupa kò lè ṣe nǹkan kan fún ohun tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí kò mọ ara, tí ẹ bá da epo sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló lè gbà lọ, ẹ ti fi ikú kejì kún ti àkọ́kọ́. Mílíìkì kò ṣe é. Bíbo imú kò ṣe é. Ẹ sì fi àwọn àgbà ìdílé yín sílẹ̀, wọn kọ́ ló gbé ẹ̀rọ tó ń jó epo sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan kú sínú ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ní Yenagoa ní oṣù Kìíní ọdún 2024, jẹnẹrétọ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn tó tún ń mú inú bí mi ni àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹnjiníà, tí wọ́n ń jó páìpù gígùn mọ́ ẹnu jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n á ní ẹ̀fín ti gba ojú fèrèsé jáde. Mo ti fọwọ́ kan àwọn oríkèé páìpù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń jò.

Òtẹ́ẹ̀lì náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ará Amẹ́ríkà mẹ́ta kú sí ilé ìtura ńlá kan ní Bahamas. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, mẹ́ta mìíràn kú sí fúláàtì tí wọ́n gbà ní Mexico City. Carbon monoxide ló pa àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Níbí, òtẹ́ẹ̀lì ńlá sábà máa ń lo jẹnẹrétọ̀ oní-dísù, tí carbon monoxide tó ń tú jáde kéré sí ti oní-bẹntiróòlù, wọ́n sì máa ń kọ́ ilé fún un lọ́tọ̀. Síbẹ̀, tí wọ́n bá fún yín ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé jẹnẹrétọ̀, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yín ń kó mi lọ́kàn sókè. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, òfin ní England ti mú un ní dandan fún ẹni tó ń fi ilé háyà láti so aago carbon monoxide mọ́ yàrá tí ẹ̀rọ amúlégbóná oní-gáàsì bá wà. Ara yín ti mọ́ ọn, ẹ sì rò pé aago róbótó tí ẹ rí lájà ní Lekki ohun kan náà ni. Ti ẹ̀fín iná nìyẹn, kò mọ carbon monoxide. Ẹ ra aago carbon monoxide tó ń lo bátìrì ní Lọ́ńdọ̀nù kí ẹ tó máa bọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké, kí ẹ sì gbé e sí yàrá tí ẹ bá ń sùn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ pe ẹni tó ni ilé. Ẹ ní, "Bí wọ́n bá mú iná lọ ní agogo méjì òru, kí ló máa gbé iná yàrá mi?" Tó bá ní inverter tàbí sólà, ẹ ní, "Bí ìyẹn bá kú ńkọ́?" Ibẹ̀ ni òótọ́ ti máa ń jáde. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ ní kó ya fídíò láti ẹnu fèrèsé yàrá títí dé ibi tó wà. Ó kéré tán, kó jìnnà tó mítà mẹ́fà sí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu ẹ̀fín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Inú kíṣìnnì, fàráńdà, abẹ́ àtẹ̀gùn, gáréèjì tó ṣí sínú ilé: ẹ má gbà. Ẹ béèrè bóyá gáàsì ni wọ́n fi ń mú omi ìwẹ̀ gbóná. Tó bá jẹ́ inú ilé ìwẹ̀ ni wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́, ẹ wá ibòmíràn.

Bí orí bá ń fọ́ yín nínú ilé tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítòsí, tí ara yín sì yá nígbà tí ẹ jáde, ẹ má padà wọlé. Bí ẹ bá bá ẹlòmíràn nílẹ̀, ẹ gbé e síta kíá. Ní Èkó, ẹ pe 767 tàbí 112. Tí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀fín jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ́síjìn àti carbon monoxide. Ó lè kọ 98 nínú 100, bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, nígbà tí ẹni náà ń kú lọ, tí wọ́n á sì ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Ọ́síjìn ni kí wọ́n tètè fún un. Nínú atẹ́gùn lásán, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni ìdajì májèlé náà yóò fi jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Pẹ̀lú ọ́síjìn gidi, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ lọ.