Fèrè Ìpẹran Tẹ́ẹ Lè Fi Ọwọ́ Ara Yín Ṣe: Inú Ahọ́n Ni Ohùn Wà

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé irú igi wo ló dáa jù fún fèrè ìpẹran. Fèrè tí mò ń sọ yìí ni èyí táwọn ọdẹ máa ń fọn tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, coyote (ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó jọ ajá) tàbí ológbò igbó á fi rò pé ọwọ́ ti tẹ ehoro kan níbì kan, tí wọ́n á wá máa fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn bọ̀. Ìdáhùn mi kì í yí padà, igi kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè o. Fèrè tó gbóhùn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti ṣe, páìpù omi lásán ni ara ẹ̀, èyí tí mo sì fi igi gidi ṣe, tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan dán títí ó fi ń kọ mọ̀nà, ńṣe ló ń dún bí ẹni tí imú ẹ̀ dí. Ara fèrè kì í sunkún, ahọ́n ẹ̀ ló ń sunkún, ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ẹ fi gbogbo sùúrù yín sí.

Ohun tí mò ń pè ní ahọ́n ni ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n tẹ́ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ń sùn lé orí pátákó kékeré kan tó tẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu, kí àyè tínńtín lè wà láàárín àwọn méjèèjì. Tí atẹ́gùn bá ń gba àyè yẹn kọjá, á fa ahọ́n náà wálẹ̀, ahọ́n á ta padà sókè, á tún fà á wálẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, òun lẹ ń gbọ́ bí ohùn yẹn. Kò sí ìyàtọ̀ sí bí saxophone àti clarinet, àwọn fèrè orin yẹn, ṣe ń dún. Tó bá rú yín lójú, ẹ fi ọwọ́ kan tẹ rúlà mọ́ etí tábìlì kí apá kan ẹ̀ yọ síta, ẹ wá ta ibi tó yọ yẹn. Tó bá yọ gan, á máa gbọ̀n jẹ́jẹ́, ohùn ẹ̀ á rẹlẹ̀, tẹ́ẹ bá fà á wọlé kó ku díẹ̀ níta, ohùn á yára, á dẹ̀ tín-ín-rín. Tẹ́ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ẹni tí ò bá tíì fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí, kó fi ti rọ́bà bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá igi pẹlẹbẹ méjì, irú èyí tó máa ń wà nídìí áísìkiriìmù, ẹ na rọ́bà tó fẹ̀ díẹ̀ yí ọ̀kan ká ní gígùn, kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má lọ́ rárá. Ẹ gé sítírọ́ọ̀ kéékèèké méjì tí ò gùn ju ìbú igi yẹn lọ, ẹ ki ọ̀kan sábẹ́ rọ́bà lápá kan, ẹ gbé ìkejì lé orí rọ́bà lápá kejì, ẹ wá gbé igi tó kù bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ẹ fi rọ́bà kéékèèké de orí àti ìdí pọ̀. Ẹ fi ẹnu sí àárín, ẹ fẹ́ ẹ. Tẹ́ẹ bá sún sítírọ́ọ̀ méjèèjì súnmọ́ra wọn, ohùn á tín-ín-rín sí i, tẹ́ẹ bá sún wọn jìnnà, á wálẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tẹ́ẹ máa fi parí ẹ̀, ó dẹ̀ ń pe ẹran lóòótọ́, kì í ṣe ohun ìṣeré. Koríko tí àwọn ọmọdé máa ń fi sáàárín àtàǹpàkò méjèèjì tí wọ́n á fẹ́, nǹkan kan náà ni, àfi pé koríko kì í pẹ́ ya.

Ó yá, ká bọ́ sórí èyí tí ahọ́n ẹ̀ wà ní gbangba, tí ẹnu ń tẹ̀ ẹ́ tààrà. Òun ni mo fẹ́ràn jù torí fèrè kan ṣoṣo yẹn lè ké bí èkúté, kó ké bí ehoro, kó tún ké bí ọmọ àgbọ̀nrín. Èyí tí wọ́n fi ahọ́n ẹ̀ pamọ́ sínú páìpù rọrùn láti fọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣáá ló máa ní, kò sí bẹ́ẹ ṣe lè fi ẹnu tún un ṣe.

Ẹ wá ọ̀pá igi líle tàbí ike líle róbótó tó nípọn tó mìlímítà 12 tàbí 13, ẹ gé e ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8, òun ló máa di pátákó tí ahọ́n máa sùn lé. Ẹ fi fáìlì fá ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ, láti ẹnu lọ sẹ́yìn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ fá a wọlé dé nǹkan bí ìdajì ọ̀pá náà. Láàárín ibi tó tẹ́ yẹn, ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 3 tàbí 4, kó jìn tó bẹ́ẹ̀ náà, òun ni atẹ́gùn máa gbà kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ọ̀nà yìí ò gbọdọ̀ já síta lẹ́nu o, ẹ jẹ́ kó ku mìlímítà 3 kó tó dé orí, torí ibẹ̀ ni ahọ́n máa pa dé sí, tó bá já síta atẹ́gùn á kàn máa sá lọ ni, ohùn ò ní jáde dáadáa. Láti ìdí ọ̀pá náà, ẹ fi dírílì lu ihò wọlé títí á fi pàdé ojú ọ̀nà tẹ́ẹ gbẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Láti bí àárín pátákó yẹn lọ sí ẹnu, ẹ ní láti fi fáìlì àti sáńpépà rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kó rí kọrọdọ, kó fi máa dé orí, kó ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ ní bíi mìlímítà kan àti ààbọ̀. Kò gbọdọ̀ ní gegele kankan. Tó bá tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ máa fẹ́ títí ẹ̀dọ̀fóró máa fẹ́ẹ̀ jáde, fúù nìkan lẹ máa gbọ́, tí kò bá sì tẹ̀ tó, ahọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn lójijì, á panu mọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi ìkánjú fá pátákó tó dáa kan kọjá ààlà, ó sì dùn mí gan torí ó ti ń dún dáadáa tẹ́lẹ̀, ìgbéraga pé kó tún dáa sí i ló mú mi fá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìgbà yẹn, fáìlì ẹ̀ẹ̀mẹta péré, mo ti dúró, màá dá ahọ́n padà, màá fọn ọ́, màá tẹ́tí. Tẹ́ẹ bá ti ṣe irú àṣìṣe yìí, ẹ má jù ú nù. Tí igi ṣì nípọn tó, ẹ fá gbogbo ojú ẹ̀ padà kó tẹ́, kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ títẹ̀ ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ahọ́n ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe fèrè tà máa ń lo Mylar. Ìdílé ike kan náà ni Mylar àti ike ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti wá, PET ni wọ́n ń pè é, nítorí náà ìgò tẹ́ẹ fẹ́ dà nù yẹn ti tó. Ẹ lo ìgò ńlá tí ara ẹ̀ gún régé, tí kò ní ilà, ẹ gé ike náà ní òòró ìgò, ẹ má gé e ní ìbú torí á máa ká. Ẹ fi sáàárín ìwé wúwo mọ́jú kó lè tẹ́. Ẹ má fi omi gbígbóná ṣe é, PET máa ń sún kì tí ooru bá mú un, gbogbo ìwọ̀n tẹ́ẹ mú á dàrú. Ike tó nípọn tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tí èémí ẹ̀ bá lágbára lè lo èyí tó nípọn díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ tó mìlímítà 10, kó gùn dé ẹnu pátákó gẹ́lẹ́, ẹ fi àlùmọ́gàjí yí igun méjèèjì ká kó rí bí orí èékánná, ẹ wá fi sáńpépà tó kúná pa etí ẹ̀ kó má bàa ge ètè. Rọ́bà róbótó kékeré tàbí òwú líle lẹ máa fi de ìdí ẹ̀ mọ́ pátákó, kó le dan-in dan-in, torí ahọ́n tó bá ń yẹ̀ lójú kan kò lè dún bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Tó bá ń dún lẹ́yìn náà ṣùgbọ́n ohùn ò tẹ́ yín lọ́rùn, ahọ́n ni kẹ́ẹ gé, ẹ fi pátákó sílẹ̀. Tẹ́ẹ bá gé ahọ́n kúrú bí ìbú irun, ohùn á gòkè. Mi ò kì í gé ahọ́n tó dín ní márùn-ún fún pátákó kan, torí èyí tẹ́ẹ bá gé jù kò ṣeé so padà, ṣùgbọ́n ìgò ṣì pọ̀. Tó bá jẹ́ pé itọ́ ló ń mú ahọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó, ẹ fi orí bírò tẹ abẹ́ ahọ́n díẹ̀ kó ní kókó kékeré kan, tàbí kẹ́ẹ fi sáńpépà kúnkúná ra abẹ́ ẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́.

Ara fèrè wá kù, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Páìpù tó bá mú ìdí ọ̀pá yẹn dáadáa, bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ti tó. Tí ẹnu ẹ̀ bá fẹ̀ bíi ti ìwo, ohùn á jìnnà sí i. Ẹ má fi iná yọ́ páìpù PVC nínú ilé láti fẹ ẹnu ẹ̀, èéfín ẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Tẹ́ẹ bá fẹ́ lo igi, ẹ fi nǹkan bo imú nígbà tẹ́ẹ bá ń fá a, eruku igi kan kì í ṣe ọ̀rẹ́ èèyàn, ìrókò pàápàá wà lára wọn, ó máa ń yún ara, ó dẹ̀ máa ń fa ikọ́.

Fífọn ẹ̀ tún jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Inú ikùn ni kí èémí ti wá, ẹ má wú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fi ètè tẹ ahọ́n náà, tí ètè bá wà nítòsí orí ẹ̀, ohùn á tín-ín-rín bí èkúté, tẹ́ẹ bá tì í wọnú ẹnu kí ètè lọ sẹ́yìn, á wálẹ̀ bí ẹran tó tóbi. Igbe ehoro tí ọwọ́ tẹ̀ máa ń jọ ẹkún ọmọ ọwọ́, wáà, wááà, á gòkè, á já, á gbọ̀n, á tún bẹ̀rẹ̀, èémí á máa tán nínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fọn ọ́ geerege bí ìgbà tí rẹfirí ń fọn fèrè bọ́ọ̀lù, ẹran ò ní dá a lóhùn. Ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu páìpù, ẹ máa ṣí i, ẹ máa pa á dé, ẹ̀dùn á wọ inú ohùn yẹn. Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, pé ohun tẹ́ẹ ń gbọ́ lẹ́nu ara yín kọ́ ni ẹran ń gbọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín fọn ọ́, ẹ lọ dúró ní ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà sí i, tàbí kẹ́ẹ gbé fóònù síbẹ̀ kó gba ohùn yín sílẹ̀.

Kò tún sí ìdí tẹ́ẹ fi máa pariwo lákọ̀ọ́kọ́. Etí èèyàn kì í gbọ́ ohun tó bá ń gbọ̀n ju 20,000 ìgbà ní sẹ́kọ́ńdì kan, ti ajá ń lọ dé nǹkan bí 45,000, mọ̀lẹ́bí ajá dẹ̀ ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti coyote. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ nítorí èyí tó lè wà nítòsí, ẹ fọn fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ wá gbé ohùn sókè. Ní Jámánì, fèrè méjì làwọn ọdẹ máa ń lò fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, èyí tó ń ké bí ehoro ni wọ́n fi ń pè é láti ọ̀nà jíjìn, tó bá ti súnmọ́, wọ́n á wá lo kékeré kan tó ń dún bí èkúté. Ẹ lè fi fèrè yín kan ṣoṣo ṣe méjèèjì. Coyote àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹ fún wọn tó ogún ìṣẹ́jú, ológbò igbó máa ń yọ́ rìn, ẹ fún un ní ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fẹ́ yí gba ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ kí imú wọn lè gbọ́ òórùn yín, torí náà apá ibẹ̀ ni kí ojú yín wà, kẹ́ẹ dẹ̀ fẹ̀yìn ti igi ńlá. Kì í ṣe torí ẹran nìkan o, ọdẹ mìíràn lè gbọ́ igbe yẹn kó rò pé ẹran ni, kó tún rí aṣọ tó jọ ewé nínú igbó. Tẹ́ẹ bá rí i pé ẹnì kan ń bọ̀, ẹ pè é sókè ketekete, ẹ má ju ọwọ́ sí i.

Mi ò kì í fọn fèrè yìí lásìkò tí wọ́n ń tọ́mọ. Ìyá tí ebi ọmọ ń lé ló máa ń yára jáde jù, tí wọ́n bá pa á, àwọn ọmọ inú ihò á kú díẹ̀díẹ̀, mi ò lè fi ọwọ́ mi ṣe ìyẹn. Òfin orílẹ̀-èdè tẹ́ẹ wà náà lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibi kan wà tí wọ́n fàyè gba fèrè ẹnu ṣùgbọ́n tí wọ́n fòfin de èyí tó ń lo bátìrì. Ẹ má dẹ̀ fọn ọ́ lójú kan náà lójoojúmọ́, ẹran tó bá ti wá lẹ́ẹ̀kan tí kò rí nǹkan, tó wá gbọ́ òórùn èèyàn, ó ti mọ ohùn yín nìyẹn. Àwọn tó ń ya fọ́tò ẹranko náà ń lo fèrè yìí, ìkìlọ̀ kan náà wà fún wọn.

Tẹ́ẹ bá délé, ẹ tú rọ́bà ìdè, ẹ yọ ahọ́n, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ jẹ́ kí pátákó gbẹ torí igi máa ń wú tí itọ́ bá mu ún. Níbi tí òtútù bá ti mú gan, itọ́ inú ẹ̀ lè di yìnyín, inú àpò àyà ni kẹ́ẹ máa fi sí kó lè gba ooru ara, kẹ́ẹ dẹ̀ fi ahọ́n méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré.