Ìrọ̀rùn àwọn akàndá ẹ̀dá nínú ilé kíkọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìrọ̀rùn àwọn akàndá ẹ̀dá nínú ilé kíkọ́ ni kí wọ́n ya pílánù ilé, kí wọ́n kọ́ ọ tàbí kí wọ́n tún un ṣe lọ́nà tí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ẹni tó ń tẹ̀pá, afọ́jú àti adití yóò fi lè wọlé kí wọ́n sì jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé wọn.

Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka dídẹ́yẹ sí àwọn akàndá léèwọ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣàtúnṣe, gbèdéke náà sì pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí pílánù tó tàpá sí ìlànà ilé kíkọ́ lè san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦1,000,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí méjèèjì. Ibí yìí ni òfin náà ti lágbára jù, torí orí pílánù ni àtúnṣe ti rọrùn.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti àwọn ìlú yòókù, iwájú ilé gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Gọ́tà wà lẹ́bàá títì, pákó tàbí kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe afárá sórí rẹ̀, àtẹ̀gùn sì tẹ̀ lé e, nítorí àwọn onílé máa ń gbé ìpìlẹ̀ ga kí àgbàrá òjò má baà wọlé. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání ni, ṣùgbọ́n ó sé ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ilé ń lò fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gùn ni ínǹṣì 12 ní gígùn fún ínǹṣì kan ní gíga. Àtẹ̀gùn 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ínǹṣì 6 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò dípò rẹ̀ á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24. Bí iwájú ilé kò bá gbà á, a lè gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ilé, tàbí ká ṣẹ́ ẹ po, kí ibi tó ti ṣẹ́ tẹ́jú tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Èyí tí wọ́n gé kúrú, tó wá dà bí òkè, ewu ni: kẹ̀kẹ́ lè dojú dé sẹ́yìn pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Nínú ilé, àyè ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ tó ínǹṣì 32 nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn káfíńtà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀, ìyẹn ínǹṣì 30, férémù sì tún ń jẹ nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ nílò ẹsẹ̀ bàtà 5 láti yí po, ara ògiri ilé ìyàgbẹ́ sì nílò irin ìdìmú. Afọ́jú nílò ọ̀nà tí ẹrù kò dí. Adití nílò iná tó ń ṣẹ́jú pẹ̀lú aago ìkìlọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí wọ́n ń kọ́ petẹ́ẹ̀sì sílé, tí yàrá wọn sì máa ń wà lókè. Nígbà tí orúnkún bá di ti àgbà, yàrá kan àti balùwẹ̀ nísàlẹ̀ ló máa ń wúlò jù. Ẹni tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: kí káfíńtà kan pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́ àtẹ̀gùn fún ìgbà díẹ̀, títí bíríkìlà yóò fi da ti kọnkéré. Táìsì kò yẹ lójú rẹ̀, torí ó ń yọ̀ nígbà òjò. Ìgbálẹ̀ ni bíríkìlà fi ń fa ojú sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kó tó gbẹ, kó má baà yọ̀.