Agbégilódò ló bí i: bí títọ́jú ọkọ̀ sójà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta

Tí ẹ bá wá mi wá láàárọ̀ Sátidé, abẹ́ ọkọ̀ lẹ ó ti bá mi. Bedford MK ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1970, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà á. Kì í ru iyanrìn, kì í ru sìmẹ́ǹtì, n kì í fi pawó. Àwọn ará àdúgbò máa ń bi mí pé kí ni mo ń fi ṣe. Mo máa ń sọ fún wọn pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Àwa tí a ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó kò pọ̀, ṣùgbọ́n a wà, ohun tí a sì máa ń jiyàn lé lórí jù nígbà tí a bá pàdé ni ibi tí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Èbúté Mẹ́ta ni mí. Láti bí ogún ọdún ni mo ti ń sọ ọ́, n kò sì ní yí i padà: etí ọ̀sà tiwa ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Oko-Bàbá níbi tí wọ́n ti máa ń la igi.

Àwọn kan ní òyìnbó ló kọ́ wa. Lóòótọ́, ní 1976 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Military Vehicle Preservation Association sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n agbégilódò ti darúgbó lójú títì Èkó kí ẹgbẹ́ yẹn tó ní orúkọ. Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó á ní kí n má gbàgbé W. A. Dáwódù, tó ń tún kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò ṣe, tó sì ń tà wọ́n, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ẹlòmíràn á dárúkọ Louis Ojukwu, tí lọ́rì rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni àpọ́nlé ni àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ títà ni iṣẹ́ Dáwódù, ẹrù rírù sì ni iṣẹ́ lọ́rì Ojukwu. Ẹni tó tọ́jú ọkọ̀ sójà nítorí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni à ń wá.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀, ó yẹ ká mọ irú ọwọ́ tó wà ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn àgbà kọ́ wa pé èbúté mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀ lóòótọ́: Ìddó, Ọ̀tọ̀ àti Òyìngbò. Ní 1867, lẹ́yìn Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù tí wọ́n sì ba ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́, àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn nílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa. Ọba Gólóbà ni àwọn èèyàn wa ń pè é. Ìwé ìtàn máa ń sọ nípa Bíbélì tí àwọn Ẹ̀gbá yìí kó wá àti orin tí wọ́n kó wá. Èrò tèmi ni pé wọ́n kó ẹmú àti ewìrì wá pẹ̀lú. Èèyàn kì í sá kúrò nílùú kó má mú alágbẹ̀dẹ dání, torí ta ni yóò rọ ọkọ́ tí wọ́n máa fi ṣán ilẹ̀ tuntun? Ẹ̀gbá tó wá láti ẹ̀gbẹ́ odò Ògùn, tí a bí sáàárín àwọn tó ń bọ Ògún, kò lè torí pé ó gba Jésù kó gbàgbé irin. Mo gbà pé láti ìgbà yẹn ni Èbúté Mẹ́ta ti ní àwọn èèyàn tí irin wíwúwo kò bà lẹ́rù.

Ọba Gólóbà yìí kan náà ló kó àwọn Haúsá jọ di ọmọ ogun. Àwọn àti ìdílé wọn ni ìjọba ṣí nípò dà sí ibi tí à ń pè ní Ọbaléndé títí dòní: ọba ló lé wa dé ibí. Nítorí náà ẹni kan náà ló fún apá kan Èkó ní sójà, tó fún apá kejì ní àgbẹ̀dẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo na ọ̀rọ̀ náà jù. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ojú irin dé. 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó. Nígbà tó fi máa di 1901, ọkọ̀ ti ń sáré dé Ìbàdàn. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣe sí, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Lóko. Níbẹ̀ ni Michael Imoudu ti jẹ́ òṣìṣẹ́ kó tó di aṣíwájú àwọn òṣìṣẹ́. Bàbá bàbá mi náà ṣe fítà níbẹ̀. Wọ́n á mú òòlù kékeré, wọ́n á máa lu ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún gooro, ó pé. Èyí tó bá dún pọ̀ọ̀ ti sán, kódà kí ojú má rí i. Bàbá mi fi òòlù yẹn kọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà ilé wa, pẹ̀lú ìkòkò irin méjì, ọ̀kan tó pé, ọ̀kan tó sán. Mo ṣì ń lu súpíríǹgì Bedford mi bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé e jáde.

Ẹmu àti epo pupa tí wọ́n ń ta sí táyà ọkọ̀ tuntun, ajá tí àwọn dírẹ́bà àtijọ́ ń fi bọ Ògún, gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ ní Oko-Bàbá níṣojú mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Kírìsítẹ́nì ni mí, n kì í bọ Ògún. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé irin ní ẹni tó ni ín kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí agbégilódò, lọ́rì ńlá tó ń gbé ìtì igi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ará Oǹdó ní ọkọ̀ tó ń gbé igi láti inú igbó lọ sí odò ni, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá. Yorùbá tí a jọ ń sọ lòdì sí wọn. Tó bá jẹ́ pé ó ń gbé igi lọ sí odò ni, agbégirodò là bá máa gbọ́, bí a ṣe ń sọ pé ọmọ rodò lọ pọn omi. Ohun tí ẹnu gbogbo ayé ń sọ ni "lódò", ní odò, bí a ṣe ń sọ pé wọ́n fọ aṣọ lódò. Ọkọ̀ tó ń gbé igi ní etí omi ni. Omi wo ni igi ti ń dúró de ọkọ̀ bí kò ṣe ọ̀sà tiwa? Nínú igbó lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń gé ìrókò, ọ̀gànwó àti afàrà, wọ́n á so ìtì wọn pọ̀ bí ẹni hun ẹní, omi á sì gbé wọn wá títí dé Oko-Bàbá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ́ wọn gòkè. Ẹ̀wẹ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ẹrẹ̀ eré. Lọ́rì ọjà tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń fà á kàn máa yí lójú kan ni, á máa wa ihò fún ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí táyà iwájú náà ń fà ló lè jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìtì ìrókò lẹ́yìn, ọwọ́ sójà sì ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nígbà náà.

Báwo ló ṣe kúrò lọ́wọ́ sójà? Láàárín 1941 sí 1945, ilé iṣẹ́ Bedford ṣe nǹkan bí 52,000 irú lọ́rì kan tí wọ́n pè ní QL, onítáyà mẹ́rin tó ń fà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 72. Lọ́rì ogun GMC tí Amẹ́ríkà ṣe lé ní 500,000. Nígbà tí ogun parí, ọkọ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ní Ruddington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbàǹjo ni wọ́n ń lù wọ́n. Ní Philippines, jíìpù tí àwọn Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ ni wọ́n sọ di ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní jeepney. Kí ló wá dé tí Èkó, tó jẹ́ èbúté ńlá fún Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ìgbà ogun náà, kò ní jẹ nínú ẹ̀? Lójú tèmi, ó jẹ, ó sì yó.

Ọkọ̀ nìkan kò tó, ó nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ wa lọ jagun ní Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. Ìpín ológun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kejìlélọ́gọ́rin kọ́ ni mo ń wí o, ti kọkànlélọ́gọ́rin ni, tí wọ́n kó jọ ní 1943. Wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè wọ àfonífojì Kaladan, wọ́n sì pè é ní West African Way. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ Bọ́mà ṣe wọ Èkó lára kó wo orúkọ bárékè wa: Dodan ní Ọbaléndé, Arakan ní Àpápá, Myohaung ní Yábàá. Ilẹ̀ Bọ́mà ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Àwọn tó lọ láìmọ ọkọ̀ wà padà dé pẹ̀lú iṣẹ́ dírẹ́bà lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀rí mi. Bàbá Bọ́mà là ń pè wọ́n. Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, agbégilódò kan wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì wọn ní Oko-Bàbá, imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, dírẹ́bà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ kan mo rí táyà rẹ̀ kan nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì kún inú ẹ̀. Nọ́ọ̀tì tò yí rímù ká, wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà pupa. Mo fẹ́ ran àwọn àgbà lọ́wọ́, mo fi sípánà bọ ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo gbọ́ ni igbe: "Má fọwọ́ kan pupa!" Wọ́n sáré bí ọmọdé, wọ́n já sípánà gbà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn tí mo sunkún tán ni wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì fi hàn mí. Irin méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn ni rímù náà, nọ́ọ̀tì pupa wọ̀nyẹn ló dè wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá tú wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú táyà, irin náà á là sí méjì, á sì fò lù ú. Mo bi wọ́n pé ta ló kùn ún. Wọ́n ní, "Sójà ni. Sójà kì í kun nǹkan ní pupa láìnídìí."

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kà lórí ọkọ̀ wọ̀nyí, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kun rímù QL wọn. Lọ́rì ogun ni. Ó ti wà ní etí ọ̀sà wa.

Lọ́rì yẹn kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà náà. Síbẹ̀, láràárọ̀ Sọ́ńdè kí wọ́n tó wọ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Bọ́mà á ká tàpólì kúrò lórí ẹ̀, wọ́n á ki ọ̀pá irin bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó máa wúkọ́, á sì jí. Wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú rédíétọ̀ títí yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á pa á, wọ́n á da tàpólì bò ó padà. Ìyàwó wọn máa ń ráhùn pé kí ni wọ́n ń da owó sí òkú ọkọ̀ fún. Wọ́n ní, "Ó gbó ni, kò kú." Ẹni tó ń ra epo sí ọkọ̀ tí kì í jáde, kí la ó pe tirẹ̀? Ohun tí àwa ń ṣe lónìí náà nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kò sẹ́ni tó kọ́ wa láti òkè òkun.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ogun abẹ́lé dé ní 1967, ó parí ní 1970, ọkọ̀ ológun sì pọ̀ sí i. Wọ́n to lọ́rì Steyr pọ̀ ní Bauchi. Mercedes 911 gba iṣẹ́ mọ́ Bedford lọ́wọ́. Ní 1986 General Motors jáwọ́ nínú lọ́rì Bedford, láti ìgbà náà ni páàtì ti di ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ wá kiri, Ládìípọ̀ lónìí, Owódé-Onírin lọ́la. Tèmi gba ojú omi wọlé bíi tòkunbọ̀ gbogbo. Mo ha àwọ̀ ológun ara rẹ̀ dànù, mo kùn ún ní àwọ̀ búlúù, torí ẹni tó bá gbé àwọ̀ sójà jáde ní Èkó fẹ́ kí sójà bi í léèrè. Wọ́n ní kí àwọn onípákó kó kúrò ní Oko-Bàbá lọ sí Agbowà.

Bàbá Bọ́mà ti lọ tipẹ́. Àwọn onírin àlòkù gé lọ́rì wọn, ṣùgbọ́n mo tètè dé ibẹ̀, mo sì ra rímù kan. Ó wà lẹ́yìnkùlé mi, ó fara ti ògiri. Nígbà tí mo ń kun Bedford lọ́dún tó kọjá, mo ra agolo ọ̀dà pupa kékeré kan lọ́tọ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo kun nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.