Ẹran-di-eegun: ẹ má pè é lókùúta mọ́

Àrùn kan wà tó ń sọ ẹran ara di eegun. Fibrodysplasia ossificans progressiva lorúkọ tí àwọn dókítà fún un, FOP ní ìkékúrú. Ẹlòmíì ń pè é ní "àrùn ẹni-dòkúta", ẹlòmíì ní "eegun líle", ẹlòmíì kàn da àmì ohùn bo orúkọ gígùn yẹn, ó ní òun ti túmọ̀ rẹ̀. Ẹran-di-eegun lèmi fọwọ́ sí.

Kì í ṣe òkúta. Eegun gidi ló ń hù, ó ní mùdùnmúdùn nínú bíi ti itan. "Eegun líle" ńkọ́? Eegun ta ni kò le? Ẹran tó yẹ kó rọ̀ ló ń gan. Iṣan wà nínú ẹran tí mò ń wí. Alápatà Òyìngbò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran, àrùn yìí kì í yà á. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣá: ẹ má fàmì òkè sí eegun. Bẹ́ ẹ bá kọ eégún, ẹ ti sọ aláìsàn dará ọ̀run nìyẹn.

Ẹ wo jórinjórin tí wọ́n pè wá tún géètì ṣe. Ibi tí géètì ti ń yí gan-an ló jó pa, géètì ò ṣí mọ́. Ẹ ní kó gé e kúrò, ó tún jó irin tó ju tàkọ́kọ́ lọ mọ́ ọn. Bí ara àwọn tó ní àrùn yìí ṣe ń tún ẹran tó fara pa ṣe nìyẹn. Àṣìṣe inú jíìnì ACVR1, ọ̀kan lára àwọn àṣẹ àbímọ́ tí ara ń tẹ̀ lé, ló ń ṣì í lọ́nà. Ọdún 2006 ni wọ́n rí i.

Ọrùn àti ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yìn ọmọ á wú, á yọ kókó, wọ́n á ní jẹjẹrẹ ni, wọ́n á gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ojú ọ̀bẹ yẹn leegun á ti hù. Ìṣubú ń fà á, abẹ́rẹ́ inú ẹran ń fà á. Abẹ́rẹ́ oníṣègùn eyín ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lè mú kẹ́nu má yà mọ́. Ahọ́n àti ọkàn kì í gan, ṣùgbọ́n àyà ń gan, èémí á sì máa nira.

Prednisone, oògùn tó ń dín wíwú kù, ni wọ́n ń lò láàárín wákàtí 24 tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn palovarotene ní 2023, fún obìnrin láti ọdún 8, ọkùnrin láti ọdún 10, torí ó lè dá ọmọ dúró lórí gíga. Kò sì lè yọ eegun tó ti hù.

Àmì rẹ̀ ti wà látìgbà ìbí: àtàǹpàkò ẹsẹ̀ méjèèjì kúrú, ó tẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ìka yòókù. Wọ́n á ní bàtà ló fún un, ọmọ tí kò tíì wọ bàtà rí. Ẹni tó bá ń gbé ọmọ tẹ́yìn rẹ̀ wú lọ sí ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà kí dókítà tó béèrè.