Wellness center: iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò?

Ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ló ń sáré lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó ṣì ń lọ tó ń bọ̀, tí kò mọ̀ pé nǹkan kan ti ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ lára òun, òun gan-an ni wellness center, ìyẹn ibùdó ìlera tí iléeṣẹ́ ń dá sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ń wá. Ìlànà tí wọ́n fi dá Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sílẹ̀ lọ́dún 1948 ti sọ ọ́ pé kí àìsàn má sí lára nìkan kọ́ ni ìlera. Ara gbọ́dọ̀ le, kí ọkàn balẹ̀, kí àárín èèyàn àti àwọn tó yí i ká sì gún. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí ẹni tó ń yẹ ìfúnpá àti ṣúgà wò níbẹ̀, agbaninímọ̀ràn, onímọ̀ nípa oúnjẹ àti ẹni tó ń kọ́ni ní eré ìmárale lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìfúnpá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, nínú àwọn àgbàlagbà tó ní in láyé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa rèé: èèyàn á kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, á fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà nílẹ̀, apá á wà lórí tábìlì ní déédéé àyà, kò sì ní sọ̀rọ̀. Kò gbọ̀dọ̀ ti mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tí nọ́ńbà òkè bá ń dé 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ń dé 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó di ọwọ́ dókítà. Òṣìṣẹ́ tí kò ráyè lọ tò sórí ìlà nílé ìwòsàn lè ṣe gbogbo èyí ní ibùdó náà kó sì tètè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àmọ́ kí ọ̀gá iléeṣẹ́ má rò pé owó ìtọ́jú á já wálẹ̀ lọ́sàn-án kan òru kan. Lọ́dún 2016, Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan láàárín òṣìṣẹ́ wọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín wọn: wọ́n pe àwọn kan sí ètò ìlera, wọn ò pe àwọn yòókù. Owó ìtọ́jú ìhà méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀ ló ń yọjú jù.

Lójú tèmi, ẹ̀rù wà lára ohun tó ń lé àwọn yòókù sẹ́yìn. Ta ló máa sọ fún agbaninímọ̀ràn pé òun ò rí oorun sùn, tó bá fura pé ọ̀rọ̀ náà á détí ọ̀gá? Iye èèyàn tó wá ni kí iléeṣẹ́ máa gbọ́, kì í ṣe orúkọ wọn. Kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru náà. Ibùdó tún lè sọ fún iléeṣẹ́ pé ẹ̀ka kan ń kérora ẹ̀yìn dídùn, kí wọ́n lọ wo àga tàbí ẹrù tí wọ́n ń gbé. Lọ́dún 2021, WHO àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sọ pé ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i fẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Eré ìmárale kankan ò lè dí ihò yẹn. Àfi kí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ kù.

Ní ti àdúgbò, nígbà tí ibùdó náà bá ṣófo, irú bí òpin ọ̀sẹ̀, ó lè gba àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tí kò níṣẹ́ àti aboyún. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké lè dáwó jọ sórí ibùdó kan ṣoṣo. Àǹfààní rẹ̀ sì ń padà dọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ náà: WHO ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ẹlòmíràn ló ń gbé ìkòkò kaná nílé. Ẹni yẹn ni kí wọ́n fi ìwé pè síbi ẹ̀kọ́ oúnjẹ.